Òfin Ìlàjà Orílẹ̀-èdè ti Pakístàn (2007)

Òfin Ìlàjà Orílẹ̀-èdè, tí àwọn ará Pakístàn mọ̀ sí NRO, ni àṣẹ tí Ààrẹ Pervez Musharraf fọwọ́ sí ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹwàá, ọdún 2007. Ó fi wọ́gi lé ẹjọ́ ìwà jẹgúdújẹrá àti ẹ̀sùn ọ̀daràn tó wà lọ́rùn àwọn olóṣèlú, òṣìṣẹ́ ọba àti àwọn mìíràn. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fagi lé òfin náà ní ọjọ́ 16, oṣù Kejìlá, ọdún 2009.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀

Láàárín ọdún 1988 sí 1999, Benazir Bhutto ti ẹgbẹ́ òṣèlú PPP àti Nawaz Sharif jẹ olórí ìjọba lẹ́ẹ̀mejì-méjì, kò sì sí èyí tó parí sáà rẹ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá wọlé á gbé ẹjọ́ ka ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lórí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1999, nígbà tí Sharif wà lórí àlééfà, ilé ẹjọ́ gíga ìlú Lahore dá Bhutto àti ọkọ rẹ̀, Asif Ali Zardari, lẹ́bi pé wọ́n gba rìbá. Lẹ́yìn náà ni téèpù ohùn jáde, tó fi hàn pé àwọn èèyàn ìjọba ń fúngun mọ́ ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ náà, Malik Qayyum. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ yí ìdájọ́ náà dà ní ọdún 2001, Qayyum sì kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Ẹjọ́ yìí ló jẹ́ kí ó ṣòro láti sọ pé irọ́ pátápátá ni igbe àwọn olóṣèlú pé ìjọba ń fi òfin lépa àwọn. Síbẹ̀, kò túmọ̀ sí pé ọwọ́ wọn mọ́.

Musharraf gba ìjọba lọ́wọ́ Sharif ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹwàá, ọdún 1999, ó sì dá àjọ NAB sílẹ̀ láti máa gbógun ti ìwà jẹgúdújẹrá. Ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2006, Bhutto àti Sharif fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ìjọba àwaarawa, nínú èyí tí wọ́n ti bèèrè fún ìgbìmọ̀ òtítọ́ àti ìlàjà. Ìgbìmọ̀ náà kò wáyé. Ohun tó tẹ̀ lé e ni ìdúnàádúrà abẹ́lẹ̀ láàárín Bhutto àti Musharraf, èyí tó bí NRO.

Ohun tó wà nínú òfin náà

Ẹjọ́ tí wọ́n pè láàárín ọjọ́ 1, oṣù Kìíní, ọdún 1986 sí ọjọ́ 12, oṣù Kẹwàá, ọdún 1999 nìkan ni òfin náà kàn. Ọjọ́ tí Sharif ṣubú ni ọjọ́ tí wọ́n fi pààlà yìí, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí òǹkàwé tẹjú mọ́. Ẹjọ́ tí ìjọba Sharif pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ PPP, àti èyí tó wà lọ́rùn àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú MQM ní Karachi, bọ́ sínú rẹ̀. Èyí tí ìjọba Musharraf fúnra rẹ̀ pe Sharif kò sí níbẹ̀. Òfin náà kò ní kí ẹnikẹ́ni jẹ́wọ́, kò ní kí ẹnikẹ́ni dá owó padà, kò sì pe aráàlú kankan láti wá sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Nínú orúkọ 8,041 tí ìjọba gbé jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2009, àwọn olóṣèlú jẹ́ 34. Ẹkùn Sindh ni ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn tó kù ti wá.

Bhutto padà sílé láti òkè òkun ní ọjọ́ 18, oṣù Kẹwàá, ọdún 2007. Wọ́n pa á ní Rawalpindi ní ọjọ́ 27, oṣù Kejìlá. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ló borí nínú ìdìbò ọdún 2008, Zardari sì di ààrẹ ní oṣù Kẹsàn-án.

Ìdájọ́ ọdún 2009

Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó pẹjọ́ tako òfin náà ni Mubashir Hassan. Ilé rẹ̀ ní Lahore ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ PPP sílẹ̀ ní ọdún 1967, òun náà sì ni mínísítà ètò ìnáwó lábẹ́ Zulfikar Ali Bhutto, bàbá Benazir. Nítorí náà, a kò lè ka ẹjọ́ yìí sí ìjà àwọn alátakò nìkan.

Ṣáájú, ní oṣù Keje ọdún 2009, ilé ẹjọ́ ti fún ìjọba ní 120 ọjọ́ láti gbé òfin náà lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. MQM, tó wà lára àwọn tó jàǹfààní rẹ̀, kọ̀ láti ti ìjọba lẹ́yìn, ni ìjọba bá fà á sẹ́yìn. Adájọ́ 17 ló jókòó lórí ẹjọ́ náà, Iftikhar Muhammad Chaudhry ló ṣáájú wọn. Wọ́n ní òfin náà tako abala 25 ìwé òfin, tó ní gbogbo aráàlú dọ́gba níwájú òfin, àti pé ohun tó wà nínú rẹ̀ kò bá ìlàjà orílẹ̀-èdè tan. Wọ́n pàṣẹ pé kí gbogbo ẹjọ́ náà padà sí ibi tí wọ́n wà kí òfin ọ̀hún tó jáde. Àwọn kan, títí kan agbẹjọ́rò Asma Jahangir, kọminú pé àwọn adájọ́ ti rìn jìnnà ju bó ṣe yẹ lọ.

Lẹ́tà sí Swítsàlandì

Ní Geneva, ìlú kan ní Swítsàlandì, ẹjọ́ kan wà tó dá lórí owó tí wọ́n ní Bhutto àti Zardari gbà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ ẹrù wò. Tọkọtaya náà sọ pé àwọn kò jẹ̀bi. Malik Qayyum, adájọ́ ọjọ́sí, ti di agbẹjọ́rò àgbà ìjọba nígbà náà. Òun ló kọ̀wé sí Swítsàlandì ní ọdún 2008 pé Pakístàn ti jáwọ́ nínú ẹjọ́ náà. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Pakístàn ní kí ìjọba kọ lẹ́tà míì láti fagi lé ti Qayyum. Olórí ìjọba, Yousaf Raza Gilani, kọ̀ jálẹ̀, ó ní abala 248 ìwé òfin dáàbò bo ààrẹ. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹrin, ọdún 2012, wọ́n dá a lẹ́bi títàpá sí àṣẹ ilé ẹjọ́. Ẹ̀wọ̀n tí wọ́n dá fún un kò ju kí àwọn adájọ́ dìde lórí ìjókòó lọ, kò tó ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n ó pàdánù ipò rẹ̀ ní oṣù Kẹfà. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀, Raja Pervaiz Ashraf, jẹ́ kí wọ́n kọ lẹ́tà náà. Swítsàlandì fèsì pé àwọn kò lè ṣí ẹjọ́ náà mọ́.

Lẹ́yìn náà

Zardari parí sáà rẹ̀ ní ọdún 2013, ó sì tún di ààrẹ ní ọdún 2024. Imran Khan, olórí ìjọba láti ọdún 2018 sí 2022, máa ń sọ pé òun kò ní fún ẹnikẹ́ni ní NRO, ìyẹn ìdáríjì irú èyí. Lẹ́yìn tó kúrò, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣàtúnṣe sí òfin NAB, ẹjọ́ tí owó rẹ̀ kò tó 500 mílíọ̀nù rupee sì bọ́ kúrò lọ́wọ́ àjọ náà. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fagi lé púpọ̀ nínú àtúnṣe ọ̀hún ní ọdún 2023, ó sì dá a padà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024.