Ìpàkọ́ La Fi Ń Ríran

Àwọn àgbà ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ ìpàkọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè fojú ara rẹ̀ rí yìí gan-an la fi ń ríran. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ sí ẹ̀yìn orí yín, níbi tí egungun ti yọ gọngọ díẹ̀ lókè ọrùn. Ìtòsí ibẹ̀, lábẹ́ egungun, ni apá ọpọlọ tó kọ́kọ́ ń gba ohun tí ojú bá kó wá. Ojú ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé, ọpọlọ ló ń ríran.

Iṣẹ́ ojú ni mò ń ṣe, ẹjọ́ kan sì wà tí mo ń gbọ́ léraléra. Ẹnì kan á wọlé, á ní ojú òsì òun ti kú. Ó ń forí gbá ilẹ̀kùn lápá òsì, bó bá sì ń kàwé, ìbẹ̀rẹ̀ ìlà ń sọ nù mọ́ ọn lójú. Màá fọwọ́ bo ojú ọ̀tún rẹ̀, màá ní kó fi ojú òsì tó ní ó ti kú yẹn wò mí nímú, kó má gbójú kúrò. Bí mo bá na ìka sí apá ọ̀tún rẹ̀, á rí i kedere. Bí mo bá nà án sí apá òsì, kò ní rí nǹkan kan. Màá wá bo ojú òsì. Ojú ọ̀tún tó fọkàn tán, òun náà kò ní rí ìka tó wà lápá òsì. Kò sóhun tó ṣe ojú méjèèjì. Apá ọ̀tún ọpọlọ ló fara gbọgbẹ́, rọpárọsẹ̀ ló sì sábà máa ń fa irú rẹ̀.

Bó ṣe rí bẹ́ẹ̀ ni pé láti inú ojú kọ̀ọ̀kan, fọ́nrán bíi mílíọ̀nù kan ló di pọ̀ tó ń lọ sínú ọpọlọ. Lẹ́yìn ojú, ti òsì àti ti ọ̀tún pàdé, ìdajì nínú wọn sì dá ara wọn kọjá. Ohunkóhun tó bá wà lápá òsì wa, ì báà jẹ́ ojú òsì ló rí i, ì báà jẹ́ ojú ọ̀tún, apá ọ̀tún ọpọlọ ni wọ́n ń gbé e lọ. Kò sí gíláàsì tó lè dá ìdajì tó sọ nù yẹn padà. Bó bá jẹ́ òjijì ló ṣẹlẹ̀, kí ẹni náà má dúró de ọ̀la, kó gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀.

Kí wá ni àwọn sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di ọpọlọ, tó wà ní ìpàkọ́ yìí ń ṣe? Lọ́dún 1958, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì tó ń ṣèwádìí ọpọlọ, David Hubel àti Torsten Wiesel, ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ki wáyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an bọ ọpọlọ ológbò kí ẹ̀rọ lè sọ iná mànàmáná kékeré tí sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ń gbé jáde di ìró tí wọ́n lè gbọ́, wọ́n sì ń tan àmì kékeré róbótó sí i lójú. Wákàtí ń lọ, sẹ́ẹ̀lì kò dá wọn lóhùn. Ibi tí wọ́n ti ń ki gíláàsì pẹlẹbẹ tí àmì náà wà lára rẹ̀ bọ ẹ̀rọ ni sẹ́ẹ̀lì ti dédé ké tàtàtàtà. Àmì róbótó kọ́ ló ń dá lóhùn. Òjìji tín-ín-rín tí etí gíláàsì náà ń fà kọjá lójú ológbò ni. Bí òjìji náà bá fì sí ibi tí sẹ́ẹ̀lì ń fẹ́, á ké. Bí wọ́n bá yí i dà, á dákẹ́.

Bí tiwa náà ṣe rí nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì kan ń wá ìlà tó nàró, ẹnìkejì rẹ̀ ń wá èyí tó dùbúlẹ̀, òmíràn ń wá èyí tó fì. Ẹ wo lẹ́tà A. Kò sí ẹyọ sẹ́ẹ̀lì kan ní ibùdó àkọ́kọ́ yìí tó mọ A. Ọ̀kan ń pariwo pé ìlà kan fì sọ́tùn-ún, ọ̀kan ní ó fì sósì, ẹ̀kẹta ní igi kan dábùú láàárín. Àwọn ibùdó tó wà níwájú ló ń so ẹ̀rí wọn pọ̀. Mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí ti pẹ́, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń yà mí lẹ́nu ní gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí ìwé.

Àwọn ibùdó iwájú yẹn ní iṣẹ́ tiwọn: ọ̀kan ń bójú tó àwọ̀, ọ̀kan ń bójú tó ohun tó ń rìn, ọ̀kan mọ ojú èèyàn. Lọ́dún 1983, àwọn oníṣègùn ní Jámánì kọ nípa obìnrin kan tí ibùdó tó ń bójú tó ohun tó ń rìn bà jẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀. Bó bá ń da tíì sínú ife, bí ìgbà tí tíì náà dì gbagidi lójú afẹ́fẹ́ ló ń rí i, kò sì ní mọ ìgbà tí ife kún. Ó ń rí àwọ̀, ó ń rí ife, ṣùgbọ́n kò rí ìrìn.

Ibi tó ká mi lára jù ni ti àwọn ọmọdé. Hubel àti Wiesel rán ìpéǹpéjú ojú kan ọmọ ológbò pa fún bí oṣù mélòó kan. Nígbà tí wọ́n tú u, ẹyinjú yẹn kò ní àbùkù, ṣùgbọ́n ológbò náà kò fi ríran mọ́. Sẹ́ẹ̀lì tí ì bá máa gbọ́ tirẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ojú kejì. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún àgbà ológbò, kò ṣe é ní nǹkan kan. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1981.

Ọpọlọ ọmọ ènìyàn náà ní sáà tirẹ̀, ọdún méje àkọ́kọ́ ló sì ṣe kókó jù. Bí ojú kan ọmọ bá yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ìpéǹpéjú bá bò ó, tàbí bí kò bá ríran tó èkejì, ọpọlọ á pa á tì. Ọmọ náà kò ní sọ fún yín, torí ojú kan tó dára ti tó o ṣeré. A ń fún un ní gíláàsì, a sì lè bo ojú tó dára fún wákàtí díẹ̀ lójúmọ́, kí ọpọlọ lè padà máa gbọ́ ti èkejì. Mo mọ bó ṣe ń dun ìyá láti máa wo ọmọ tó ń tá ràrà pé kí wọ́n ṣí ojú òun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tètè ṣí i.

Ẹ lè dán an wò nílé. Bí ọmọ bá ń ṣeré, ẹ fọwọ́ bo ojú kan, lẹ́yìn náà ẹ bo èkejì. Bó bá dákẹ́ fún ọ̀kan, tó wá ń sunkún, tó ń ti ọwọ́ yín kúrò nígbà tí ẹ bo èkejì, kì í ṣe ìjọ̀ngbọ̀n ló ń ṣe o. Ojú kan ṣoṣo tó fi ń ríran lẹ bò yẹn. Ẹ tètè gbé e lọ bá dókítà ojú, bí kò tilẹ̀ tíì mọ lẹ́tà kan.