Gbígba ìwọlé fún PhD ní Amẹ́ríkà

Gbígba ìwọlé fún PhD, ìyẹn oyè ọ̀mọ̀wé, ní Amẹ́ríkà ni gbogbo ètò tí ẹni tó ti ní dìgírì máa ń là kọjá, láti orí wíwá ilé-ẹ̀kọ́ títí dé ọjọ́ tí kíláàsì bẹ̀rẹ̀. Yunifásítì Yale ló kọ́kọ́ fúnni ní oyè yìí nílẹ̀ Amẹ́ríkà, lọ́dún 1861. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ níbẹ̀ kì í béèrè másításì kí wọ́n tó gba èèyàn sí PhD, ohun tó ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà. Ẹni tó wọlé tààrà bẹ́ẹ̀ yóò kọ́kọ́ jókòó ní kíláàsì fún bí ọdún méjì, yóò ṣe ìdánwò, kó tó dojú kọ ìwádìí tirẹ̀.

Kò sí àjọ bíi JAMB tó ń pín akẹ́kọ̀ọ́ káàkiri. Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní fọ́ọ̀mù àti owó fọ́ọ̀mù tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan máa ń dárí owó náà ji ẹni tó bá bẹ̀bẹ̀. Àwọn olùkọ́ ẹ̀ka gan-an ló ń ka ìwé náà, kì í ṣe ọ́fíìsì àgbà. Èyí ló fà á tí ẹni tó ní First Class fi lè má rọ́wọ́ mú: bí kò bá sí olùkọ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe níbẹ̀, ta ni yóò tọ́ ọ sọ́nà? Ọ̀pọ̀, pàápàá àwọn tó ń ṣe sáyẹ́ǹsì, máa ń kọ í-meèlì sí olùkọ́ kí wọ́n tó san owó rárá. Ìdí kan náà ni àkọsílẹ̀ èròńgbà, tí kì í sábà ju ojú ìwé méjì lọ, fi gbọ́dọ̀ sọ ìbéèrè tí èèyàn fẹ́ wádìí. Ìtàn ìgbà èwe kì í ran ẹni tó ń kà á lọ́wọ́ púpọ̀.

Lẹ́tà ìjẹ́rìí mẹ́ta ni wọ́n sábà ń béèrè. Olùkọ́ tó kọ ọ́ ló ń fi í ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Òfin FERPA ti ọdún 1974, òfin Amẹ́ríkà lórí àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, fún akẹ́kọ̀ọ́ tó wọlé lẹ́tọ̀ọ́ láti rí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, àmọ́ fọ́ọ̀mù máa ń bi í bóyá yóò yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ló ń yọ̀ǹda rẹ̀, torí lẹ́tà tí a kọ ní ìkọ̀kọ̀ ló níyì jù lójú àwọn tó ń yan èèyàn.

Fún ẹni tó kàwé ní Nàìjíríà, tránskíríìpù, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo máàkì rẹ̀, ló máa ń fa wàhálà jù. Ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ ló gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́, ó sì lè pẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ń gba ẹ̀dà lásán lákọ̀ọ́kọ́, wọn a wá béèrè ojúlówó lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba èèyàn. Òṣùwọ̀n náà tún yàtọ̀. Púpọ̀ nínú yunifásítì Nàìjíríà ń ka CGPA, ìyẹn àròpín máàkì gbogbo ọdún ẹ̀kọ́, lórí 5, Yunifásítì Ìbàdàn ka tirẹ̀ lórí 7 fún ọ̀pọ̀ ọdún, orí 4 sì ni Amẹ́ríkà ń kà á sí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pínpín lásán: máàkì 70 tó jẹ́ A ní Nàìjíríà kì í sábà ju C lọ lójú ará Amẹ́ríkà. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní kí èèyàn kọ ọ́ bó ṣe wà, àwọn kan sì ń béèrè kí àjọ bíi WES, tó ń fi ìwé-ẹ̀rí ilẹ̀ òkèèrè wé ti Amẹ́ríkà, yẹ̀ ẹ́ wò. Orúkọ tí kò bára mu náà máa ń dá wàhálà sílẹ̀: Oluwaseun lórí páàsìpọ́ọ̀tù, Seun lórí ìwé-ẹ̀rí, tàbí obìnrin tó ti yí orúkọ padà lẹ́yìn ìgbéyàwó.

Ìdánwò GRE, tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga lẹ́yìn dìgírì, kò gbilẹ̀ tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Láti ọdún 2020 ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ti pa á tì. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, wọ́n gé e kúrú sí nǹkan bíi wákàtí méjì. Èsì rẹ̀ ń wúlò fún ọdún márùn-ún, ti TOEFL àti IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, fún ọdún méjì.

Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù PhD máa ń parí láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní, fún kíláàsì tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ tàbí Kẹsàn-án. Ẹni tí wọ́n bá fún ní owó ìrànwọ́ kò sí lábẹ́ ọ̀ranyàn láti fèsì kí ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin tó pé, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn Council of Graduate Schools, ẹgbẹ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó ń fúnni ní oyè gíga, tí ọ̀pọ̀ yunifásítì fọwọ́ sí. Owó yìí ló mú PhD yàtọ̀ sí másításì, tí ọ̀pọ̀ ń fi owó ara wọn kà: fún akẹ́kọ̀ọ́ PhD, wọ́n máa ń fagi lé owó ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n á sì máa san owó oṣù fún iṣẹ́ ìwádìí tàbí iṣẹ́ olùkọ́. Níbi tí wọ́n ti ń kọ́ èdè Yorùbá, bíi Yunifásítì Wisconsin ní Madison, iṣẹ́ olùkọ́ yìí lè jẹ́ kíkọ́ Yorùbá.

Lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè bá ti gbà, ilé-ẹ̀kọ́ a fún un ní ìwé I-20, tó fi hàn pé wọ́n ti gbà á wọlé. Yóò san owó SEVIS (ètò tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń tọpa akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè), 350 dọ́là, yóò kún DS-160, fọ́ọ̀mù ìbéèrè físà, yóò sì lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò físà akẹ́kọ̀ọ́, F-1. Òfin físà lè yí padà láàárín ọdún kan ṣoṣo, àwọn ẹ̀ka kan sì máa ń gbà kí ẹni tí kò rí físà gbà lásìkò wá lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́dọ̀ wọ Amẹ́ríkà bó bá ku ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ sí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tó wà lórí I-20. Ilé-ẹ̀kọ́ sábà ń béèrè ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára MMR, tó ń dènà èéyi àti irú àrùn bẹ́ẹ̀, àti àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Owó oṣù àkọ́kọ́ lè má wọlé títí ọ̀sẹ̀ mélòó kan yóò fi kọjá, bẹ́ẹ̀ onílé ti ń retí owó ilé.