Àáró, kásẹ́ẹ̀tì àti ₦2,000: bí fíìmù olówó pọ́ọ́kú ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onítíátà Yorùbá

Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn Nollywood, ọdún 1992 ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń mú un bẹ̀rẹ̀, ọdún tí Kenneth Nnebue gbé Living in Bondage jáde lédè Ìgbò. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni du ipò fíìmù yẹn. Ó tà, ó sì la ojú ọjà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ṣe é ti ń fi fídíò Yorùbá pawó kó tó dé ibẹ̀, àwọn onítíátà tó sì bá ṣiṣẹ́ nígbà náà ti jìyà lọ́wọ́ sinimá olówó gọbọi kí wọ́n tó sá di kámẹ́rà fídíò. Ìyà yẹn ni kí á kọ́kọ́ sọ.

Hubert Ògúńdé, ọmọ Òṣósà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ eré tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1945. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹgbẹ́ eré bẹ̀rẹ̀ sí í hù káàkiri. Mọ́tò tí wọ́n fi ń kó ara wọn láti ìlú dé ìlú, aṣọ eré, ìlù, àti òṣèré tó ń jẹ tó ń sùn lábẹ́ òrùlé ọ̀gá: gbogbo ohun ìní ẹgbẹ́ kan nìyẹn. Ògúńdé tilẹ̀ fi ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ ṣaya, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ pé ọgbọ́n ọ̀gá oníṣẹ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí òṣèré tó bá lọ sílé ọkọ mìíràn kì í sábàá padà. Nígbà tí ilé tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959, àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí rí ọ̀nà dé ilé àwọn tí kò tíì wo eré wọn rí. Ìwé ìròyìn Atọ́ka náà ń ya fọ́tò eré wọn léraléra, ó ń kọ ọ̀rọ̀ sí ẹnu òṣèré lórí fọ́tò, ó sì ń tà á. Wọ́n ti mọ bí a ti í fi àwòrán ta eré, láìsí àwòrán tó ń rìn.

Ní 1976 ni Ọlá Balógun, tó kọ́ iṣẹ́ sinimá ní ilẹ̀ Faransé, ṣe Àjàní Ògún, tí Adé Afọláyan tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Adé Love kópa ńlá nínú rẹ̀. Èrò wọ́ bí omi. Kò pẹ́ tí Ògúńdé fi gbé Ayé jáde, Jáíyésinmi tẹ̀ lé e ní 1980, nígbà tó sì di 1982, Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá tiwa, gbé Ọ̀run Móoru dé. Èrè rẹ̀ hàn sí gbogbo ayé. Ìnáwó rẹ̀ ni kò hàn. Kò sí ibi tí wọ́n ti lè fọ fíìmù aláwọ̀ mèremère nílé, òkè òkun ni wọ́n ń gbé e lọ, Lọ́ńdọ̀nù ní pàtàkì, owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n sì ń san. Nítorí náà, ẹ̀dà fíìmù ọwọ́ ẹni kì í ju díẹ̀ lọ. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ á gbé e sínú mọ́tò, á bá a dé gbọ̀ngàn ìlú tàbí gbọ̀ngàn ilé ìwé, ọmọ iṣẹ́ á dúró ti ẹ̀rọ, ìyàwó á jókòó sẹ́nu ọ̀nà gba owó. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ó di ìlú mìíràn.

Ẹ̀rù olè ló jẹ́ kí wọ́n máa ṣọ́ ọ bẹ́ẹ̀, olè náà sì dé. Àwọn oníjìbìtì da Ọ̀run Móoru sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á, àwọn èèyàn sì ń wò ó nínú pálọ̀ nígbà tí Bàbá Sàlá ṣì ń gbé tirẹ̀ kiri. Gbèsè tó bọ́ sí kì í ṣe kékeré. Mo máa ń rò ó pé olè yẹn ló kọ́kọ́ fi ọjà tó ń bọ̀ han àwọn onítíátà: àwọn èèyàn fẹ́ jókòó sílé wo eré Yorùbá, wọ́n sì ṣe tán láti sanwó rẹ̀. Àwọn tó ni eré nìkan ni owó náà kò tíì dé ọwọ́ wọn.

Ní 1986, ìjọba Babangida gbé SAP dé, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé. Náírà tó ń bá dọ́là ṣe ẹgbẹ́ tẹ́lẹ̀ wá ja wálẹ̀, iye tí ẹnì kan fi ń fọ fíìmù kan lókè òkun wá di owó ilé. Àwọn kan kọ́kọ́ sá sí fíìmù reversal, irú èyí tí àwọn ilé tẹlifíṣọ̀n fi ń ya ìròyìn. Fíìmù tí a yà gan-an náà ni a óò fi hàn lójú agbo, kò sí ìyá fíìmù tí a lè ti ara rẹ̀ ṣe ẹ̀dà. Bí ẹ̀rọ bá ha á, tàbí tó já, iṣẹ́ náà já nìyẹn.

Ìgbà tó di 1988, Adé Àjíbóyè gbé Ṣoṣo Méjì jáde, kámẹ́rà fídíò ló fi yà á. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Àlàdé Arómirẹ́ ṣe Ẹkùn, ó sì gbé e lọ fi han èrò ní Gbọ̀ngàn Ìṣeré Orílẹ̀-èdè ní Ìgànmú. Àwọn tó ti ń ṣe sinimá ńlá fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Fídíò ò tó o, fọ́tò ìgbéyàwó ni, àwòrán rẹ̀ ṣú, ohùn rẹ̀ ń dún bí inú agolo. Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa ohùn. Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì tó o bá yà lówùúrọ̀, wàá wò ó lálẹ́, ìwọ á sì rí ibi tí òṣèré ti gbàgbé ọ̀rọ̀ kí ẹ tó kúrò lókésọ̀n. Ẹ̀rọ fídíò méjì ni wọ́n máa fi gé e, ọ̀kan ń ṣí, èkejì ń gbà á.

Kámẹ́rà nìkan kò lè sọ bí owó iṣẹ́ náà ṣe kéré tó bẹ́ẹ̀. Àáró ló kù. Ẹni tó dàgbà ní oko mọ ohun tí mò ń sọ: lónìí a jọ ro oko rẹ, lọ́la a ó ro tèmi. Bí ọ̀gá kan bá fẹ́ ya fíìmù, ọ̀gá ẹgbẹ́ mìíràn á wá ṣe ọba fún un, á mú ọmọ iṣẹ́ méjì dání kí wọ́n ṣe ìjòyè, kò ní gba kọ́bọ̀. Oúnjẹ àti owó mọ́tò ni wọ́n ń retí. Àmọ́ nígbà tó bá kan tirẹ̀, ẹni tó bá kọ̀ láti wá, ojú rẹ̀ á rí nǹkan nípàdé ẹgbẹ́. ANTP, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn onítíátà, tí Ògúńdé kọ́kọ́ jẹ́ ààrẹ rẹ̀, wà níbẹ̀ láti bá wọn parí ìjà. Aṣọ, ẹnìkọ̀ọ̀kan á mú tirẹ̀ wá láti inú àpótí. Ilé tí wọ́n fẹ́ lò, ilé ọ̀rẹ́ tàbí ilé àna ni. Ìdí nìyí tí ojú kan náà fi ń yọ nínú gbogbo fíìmù ìgbà yẹn. Kì í ṣe pé òṣèré tán nílẹ̀.

Nnebue ń ta ẹ̀rọ àti kásẹ́ẹ̀tì ní Èkó. Ó bá Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá, I Show Pepper, dòwò pọ̀, wọ́n ṣe Àjẹ́ Ni Ìyá Mi ní 1989 pẹ̀lú kámẹ́rà VHS lásán. ₦2,000 ni iye tí àwọn tó kọ ìtàn náà ń dárúkọ pé ó ná an. Ìtàn kan tún wà tí gbogbo ayé fẹ́ràn, pé ó kó kásẹ́ẹ̀tì òfìfo wọlé jù, ló bá ya Living in Bondage sí i kó lè tà. N kò gbà á gbọ́ tán, nítorí oníṣòwò tó ti rí bí fíìmù Yorùbá ṣe ń tà kò nílò àṣìṣe kankan kó tó mọ̀. Ohun tó ṣe yàtọ̀ ni pé kò gbé Àjẹ́ Ni Ìyá Mi kiri gbọ̀ngàn. Ó dà á sórí kásẹ́ẹ̀tì, ó fi páálí aláwòrán wé e, ó sì tà á tààrà fún ẹni tó fẹ́ gbé e lọ sílé. Ọjà Ìdúmọ̀tà ní Èkó di ibi tí fíìmù ti ń jáde. Láti ìgbà náà lọ, máàkẹ́tà, oníṣòwò tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì, ló ń ná owó, òun náà ló sì ń sọ irú eré tí òun lè tà. Ọ̀pọ̀ òṣèré ló ṣì ń ráhùn lórí ìyẹn.

Túndé Kèlání, tó ti fi kámẹ́rà ṣiṣẹ́ lórí sinimá àwọn mìíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ inú ọjà fídíò náà pẹ̀lú Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ ní 1993. Ó fi hàn pé àwòrán fídíò lè mọ́lẹ̀ bí ẹni tó dì í mú bá mọ iṣẹ́. Ọdún yẹn náà ni ìjọba ṣe òfin tó dá àjọ tó ń yẹ fíìmù àti fídíò wò sílẹ̀. Láti 1994 ni wọ́n ti ń kọ orúkọ fíìmù sínú ìwé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó jáde ṣáájú ìyẹn kò sí nínú ìwé àjọ náà, kásẹ́ẹ̀tì wọn sì ti bu funfun nínú ọ̀pọ̀ yàrá. Púpọ̀ nínú àwọn tó kù tá a ń rí lórí YouTube lónìí, ẹ̀dà tí ẹnì kan dà nílé ni, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.