Kànga ẹ̀rọ ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì

Kànga ẹ̀rọ ni ihò tóóró tí wọ́n fi ẹ̀rọ lu wọ inú ilẹ̀ títí dé ibi tí omi wà, tí wọ́n ki páìpù sí, tí wọ́n sì ń fa omi rẹ̀ sókè. Ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì, tí wọ́n yọ lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ọjọ́ 1 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1996, irú kànga yìí wọ́pọ̀ nínú ọgbà ilé, ilé-ìwé àti ilé ìjọsìn, pàápàá níbi tí omi ẹ̀rọ ìjọba kò dé.

Àpáta abẹ́ ilẹ̀

Orí àpáta líle àtayébáyé ni Èkìtì jókòó lé. Apá kan lára àpáta náà ti ju bílíọ̀nù kan ọdún lọ. Àwọn granite rẹ̀, irú èyí tó yọrí síta ní Òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́, sún mọ́ mílíọ̀nù 600 ọdún. Àpáta tó dì kì í gba omi sára. Nítorí náà, ibi méjì péré ni omi máa ń wà: inú àpáta òkè tó ti jẹrà di ilẹ̀, àti ojú ibi tí àpáta ìsàlẹ̀ ti sán.

Charnockite, àpáta dúdú tó fara jọ àwọ̀ ewé tí wọ́n ń rí ní agbègbè Adó àti Ìkẹ́rẹ́, ló sábà máa ń dá agbẹ́kànga lágara jù. Tó bá jẹrà, amọ̀ ló ń dà. Amọ̀ a máa mu omi sára dáadáa, ṣùgbọ́n kì í tètè jọ̀wọ́ rẹ̀. Charnockite kì í sì í jẹrà dọ́gba: òkúta ńlá tí kò tíì jẹrà lè wà láàárín ilẹ̀ rírọ̀, kí ẹni tó ń lu ihò rò pé òun ti dé ìpìlẹ̀ àpáta.

Ti ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ náà yàtọ̀. Quartzite tó para pọ̀ di òkè ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, Òkèmẹ̀sí àti Ìkógòsì máa ń sán, omi sì ń gba ojú sísán náà kọjá. Láti inú àpáta yìí ni ìsun omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ Ìkógòsì ti ń tú jáde. Ìwọ̀n tó sún mọ́ 38 °C ni àwọn olùwádìí sábà ń rí. Ó jọ pé omi òjò tó jìn wọlẹ̀, tí ooru inú ilẹ̀ mú gbóná, ló ń padà sókè níbẹ̀.

Wíwá ojú omi

Iná mànàmáná ni wọ́n sábà fi ń wá ibi tí omi wà lábẹ́ ilẹ̀. Wọ́n á kan irin mẹ́rin mọ́lẹ̀ ní ìlà kan: méjì tó wà lẹ́yìn òde ń rán iná wọlẹ̀, méjì àárín ń gba ìwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe ń dènà iná náà tó. Bí wọ́n bá ṣe ń fa irin òde jìnnà síra, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n náà ń sọ nípa ìsàlẹ̀ tó jìn sí i. Ohm-m ni wọ́n fi ń ka ìwọ̀n yìí: àpáta tó dì sábà ń ju 1,000 ohm-m lọ. Amọ̀ sábà kéré sí 100. Ìwọ̀n kékeré nìkan kò fi omi hàn, torí amọ̀ lásán náà ń fún ni ní irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Ibi tó dára jù ni ibi tí àpáta ti jẹrà jìn, tí èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ sì ti sán. Irú ibẹ̀ kì í fẹ̀, ìdí nìyẹn tí kànga ilé kan fi lè kún kí ti aládùúgbò rẹ̀ gbẹ.

Lílu ihò

Nínú àpáta líle, òòlù tí afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ń gbá ló ń fọ́ òkúta nísàlẹ̀ ihò. Afẹ́fẹ́ náà ló ń gbé eruku rẹ̀ sókè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ki páìpù PVC tó ní ojú sísà sí i, wọ́n á da òkúta wẹ́wẹ́ yí i ká, wọ́n á sì fi sìmẹ́ǹtì dí òkè. Wọ́n á fọ kànga títí omi yóò fi mọ́, kí wọ́n tó sọ sùmó, ẹ̀rọ tó ń ti inú omi fa omi sókè, sínú rẹ̀.

Ìmọ́tótó omi

Ṣálángá tó sún mọ́ kànga lè kó kòkòrò àti nitrate, èròjà tó ń ti inú ìgbẹ́ àti ìtọ̀ wá, sínú omi. Nitrate kò gbọ́dọ̀ ju 50 mg lọ nínú lítà omi mímu kan, gẹ́gẹ́ bí ìlànà Nàìjíríà.