Alùpùpù ìsáré àlòkù: bí a ṣe ń mọ ojúlówó, àti iye tó tọ́ sí i

Ẹni tó mọ alùpùpù rà kì í kọ́kọ́ wo àwọ̀ ara rẹ̀. Ọwọ́ ló máa ń kọ́kọ́ nà, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan páìpù tí èéfín ń gbà jáde lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá tutù, ọ̀rọ̀ lè bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá gbóná, tí ẹni tó ń tà á sì mọ̀ pé olùrà ń bọ̀, a jẹ́ pé wọ́n ti tan án sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé kì í tètè jí láàárọ̀, ó sì lè jẹ́ èéfín tó máa ń kọ́kọ́ tú jáde ni wọn ò fẹ́ kí àlejò rí. Kí wọ́n pa á, kí olùrà padà wá lọ́jọ́ kejì. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ìgboro Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin) kún fún alùpùpù, mẹkáníìkì ò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n èyí tí ọ̀pọ̀ oní-zemijan, àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò, ń gùn, sílíńdà kan ló ní, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, ẹ̀yà ara rẹ̀ kò sì ṣòro rí lọ́jà Ouando. Yamaha R6, Honda CBR600RR, Suzuki GSX-R600 tàbí Kawasaki ZX-6R kì í ṣe ẹgbẹ́ ìyẹn rárá. Sílíńdà mẹ́rin ni wọ́n ní, omi ló ń tù wọ́n, ẹ́ńjìnnì wọn sì lè yí ju ìgbà 13,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lára wọn, òkè òkun ni wọ́n máa ti bèèrè fún un, nọ́ńbà ẹ̀yà náà ni wọ́n á sì fi bèèrè. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ojúlówó kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí. Alùpùpù tí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì ọdún kan, wáyà ọdún mìíràn àti ike ayédèrú tò pọ̀, ta ló mọ nọ́ńbà tó yẹ kó bèèrè fún un mọ́? Ẹni tó rà á lówó pọ́ọ́kú á wá rí i pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Nọ́ńbà ara férémù, egungun alùpùpù, ni ìpìlẹ̀. Ọrùn férémù, níbi tí ọwọ́ alùpùpù ti ń yí, ni wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ sí, lápá ọ̀tún lọ́pọ̀ ìgbà. Láti àwọn ọdún 1980 ló ti di ìlànà pé kí ó jẹ́ àmì 17, lẹ́tà àti nọ́ńbà pọ̀. Kì í sí lẹ́tà I, O tàbí Q nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì wọ́n kà sí 1 tàbí 0. Férémù tí a bá rí O nínú àmì 17 rẹ̀, ọwọ́ ẹnìkan ti dé ibẹ̀. Àmì mẹ́ta àkọ́kọ́ ń sọ ẹni tó ṣe é: JH2 ni Honda tí wọ́n ṣe ní Japan, JYA ni Yamaha, JS1 ni Suzuki, JKA tàbí JKB ni Kawasaki. Èyí tí ilé iṣẹ́ kan náà bá ṣe ní ilẹ̀ mìíràn ní lẹ́tà tirẹ̀. Èyí tí wọ́n sì ṣe fún títà nínú Japan fúnra rẹ̀ kì í pé 17, nítorí náà nọ́ńbà kúkúrú nìkan kò tó láti pe ẹnìkan lólè.

Ká fi CBR600RR ọdún 2003 sí 2006 ṣe àpẹẹrẹ. PC37 ni wọ́n ń pè é nílé iṣẹ́ tó bí i. Nọ́ńbà férémù èyí tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú JH2PC37, ti ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PC37E. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e kì í bára mu, kò sì pọn dandan kó bára mu. PC37 yẹn ni ká wò. Bí férémù bá jẹ́ PC37, tí ẹ́ńjìnnì sì ń pe ara rẹ̀ ní PC40E, ẹ́ńjìnnì alùpùpù ọdún 2007 sókè ni wọ́n gbé sínú rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ hàn nínú owó, ó sì gbọ́dọ̀ hàn nínú ìwé. Lẹ́yìn èyí, kí a fi ìka ra ojú nọ́ńbà náà. Níbi tí wọ́n bá ti fi fáìlì há irin, ojú rẹ̀ máa ń jìn díẹ̀, ọ̀dà á sì nípọn níbẹ̀ ju àyíká rẹ̀ lọ. Kí ẹnìkan wá mú carte grise, ìwé tí wọ́n fi forúkọ alùpùpù sílẹ̀, dání, kí ẹnìkejì máa ka nọ́ńbà láti ara irin sókè, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, láìkánjú. Bí ẹyọ kan ṣoṣo bá yàtọ̀, kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà, kí a máa lọ.

Ọ̀pọ̀ alùpùpù ìsáré ló ti ṣubú rí, oríṣi ìṣubú sì ju ẹyọ kan lọ. Èyí tó wó lulẹ̀ níbi tí wọ́n gbé e dúró sí máa ń fi àpá sí ẹ̀gbẹ́ kan náà: orí ọwọ́, ẹnu bíréèkì tàbí kílọ́ọ̀ṣì, ibi ìtẹ̀sẹ̀, ìdérí ẹ́ńjìnnì. Ìyẹn kò le. Èyí tó le ni èyí tó fi iwájú gbá nǹkan, àwọn tó ń tún irú rẹ̀ ṣe sì mọ bí wọ́n ṣe ń bò ó. Nísàlẹ̀ ọrùn férémù, irin kékeré kan wà tó ń dá ọwọ́ dúró kó má yí kọjá ààlà. Nígbà tí iwájú bá gbá ọkọ̀, ọwọ́ á yí pẹ̀lú agbára, irin náà á tẹ̀ wọnú tàbí kó ṣẹ́. Wọ́n lè pààrọ̀ gbogbo ike, wọ́n lè kun férémù lọ́dà tuntun, àmọ́ irin yẹn, wọn kì í sábà rántí rẹ̀. Kí a yí ọwọ́ dé ìpẹ̀kun lápá méjèèjì, kí a tan iná fóònù síbẹ̀. Bí a bá rí ojú ibi tí wọ́n ti jó férémù pọ̀ lẹ́yìn tó kúrò nílé iṣẹ́, kò sí iye kankan tó tọ́ fún un.

Ike ara rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ká wò. Ojúlówó ike àwọn ará Japan máa ń ní àmì ohun tí wọ́n fi ṣe é, bíi ABS tàbí PP, àti nọ́ńbà ẹ̀yà tí wọ́n dà mọ́ ọn. Ayédèrú sábà máa ń dán lẹ́yìn láìní nǹkan kan, ihò rẹ̀ kì í sì bá ti férémù mu, wọ́n á wá fi wáyà so ó tàbí kí wọ́n lu ihò tuntun. Iná iwájú tún ń sọ̀rọ̀: Stanley tàbí Koito ló sábà wà lára gíláàsì rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà E àti nọ́ńbà nínú róbótó. Nọ́ńbà náà ń sọ orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí iná yẹn, E1 Jámánì, E2 Faransé, E11 ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sọ ibi tí wọ́n ti ta alùpùpù. Èyí tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, apá òsì ni iná rẹ̀ ń wò, nítorí apá yẹn ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Ní òru lọ́nà Pobẹ̀ sí Kétu, ojú ẹni tó ń bọ̀ ni yóò máa tàn sí. Èyí tún rán wa létí mítà rẹ̀: bí ó bá ti ibẹ̀ tàbí Amẹ́ríkà wá, ó lè jẹ́ máìlì ló ń kà. 20,000 tó wà lójú rẹ̀ jẹ́ 32,000 kìlómítà.

Ẹ́ńjìnnì wá kù. Kí a yí kọ́kọ́rọ́ láì tíì tan án. Lójú mítà, iná pupa tàbí òféefèé tó ń kìlọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tàn, kó sì kú fúnra rẹ̀. Èyí tí kò tàn rárá ló yẹ kó bani lẹ́rù, nítorí ẹnìkan lè ti yọ gílóòbù rẹ̀ kó má baà ké. Lẹ́yìn náà kí a tan án: èéfín búlúù, ó ń jó ọ́ìlì; funfun tí kò tán nígbà tó gbóná, omi ń wọ ibi tí kò yẹ; dúdú, epo pọ̀ jù. Kí a ṣí ẹnu táǹkì pẹ̀lú, kí a wo inú rẹ̀. Epo kpayo, èyí tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, ti gbé ọ̀pọ̀ ìdílé ró lágbègbè yìí, kò yẹ ká bú u, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì irú èyí ń fẹ́ epo tó mọ́, ìdọ̀tí àti omi inú ìgò sì ń dí ẹnu ibi tí epo ti ń tú sínú rẹ̀. Bí ìpẹtà bá wà nísàlẹ̀ táǹkì, kí a kọ ọ́ sínú ìwé. Kí a tún fi mítà iná wọn bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ó yẹ kó súnmọ́ fóòtì (volt) 14. Bí ó bá dúró sí 12, ìgbà díẹ̀ ló kù kó dá èèyàn sí ojú ọ̀nà.

Táyà ní ọjọ́ orí. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ọ̀rọ̀ DOT ló ń sọ ọ́: 0817 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹjọ ọdún 2017. Eyín rẹ̀ lè ṣì ga, kí rọ́bà rẹ̀ sì ti gan. Díìsì bíréèkì ní ìwọ̀n nínípọn tó kéré jù tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Kí a wọ̀n ọ́n.

Nípa owó, òkè la ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó máa sọ̀kalẹ̀. Fáráǹkì sẹ́fà (CFA) wa so mọ́ yúrò: yúrò 1 jẹ́ fáráǹkì 655.957, kì í yí. Nítorí náà iye tí wọ́n ń tà á ní Faransé ṣe é kà lówó ilé láìsí àríyànjiyàn. Ká ní irú rẹ̀ gan-an, ọdún kan náà, kìlómítà tó súnmọ́ra, ń lọ ní yúrò 3,000: fáráǹkì 1,967,871 nìyẹn. Owó ọkọ̀ ojú omi, owó èbúté Kútọnu, owó aṣọ́bodè, TVA (owó orí ọjà) tó jẹ́ ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún, àti owó nọ́ńbà á gun orí rẹ̀. Àròpọ̀ yìí ni òrùlé. Èyí tó ti ń sáré nínú eruku níhìn-ín fún ọdún mélòó kan kò gbọdọ̀ kàn án, nítorí ẹni tó ní irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ lè ní kí wọ́n bá òun mú òmíràn wá.

Láti òrùlé yìí ni a ó ti máa yọ: táyà méjì, ṣéènì àti irin eléyín rẹ̀, ọ́ìlì síìlì ẹsẹ̀ iwájú tó ń jò, bátìrì. Kí a bèèrè iye ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a kọ ọ́ sínú ìwé, kí a gbé ìwé náà síwájú ẹni tó ń tà. Ó ń dín owó kù ju “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dín in” lọ, kì í sì í bí èèyàn nínú. Sáláńsà aláriwo, àwọ̀ tuntun àti iná tó ń ṣẹ́jú kì í fi kọ́bọ̀ kún iye alùpùpù. Àmọ́ bí ẹni tó ń tà bá gbé àpò kan jáde láti inú yàrá, tí sáláńsà àkọ́kọ́ àti dígí tó bá a wá wà níbẹ̀, ìyẹn tọ́ sí owó.

Ní Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́, owó lè wálẹ̀ ju ti Àjàṣẹ́ lọ láìsí àbùkù kankan lára ọjà, nítorí àwọn tó lè ra irú rẹ̀ níbẹ̀ kò pọ̀. Èyí tó yẹ kó kọni lóminú ni èyí tó fi ìlàjì kéré sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ìtàn rẹ̀ sì ń yí: ẹ̀gbọ́n tó ni ín wà ní Faransé, ó ní kí wọ́n tà á kíákíá, ìwé aṣọ́bodè ń bọ̀ lọ́nà. Títí ìwé náà yóò fi dé, owó aṣọ́bodè ọ̀hún ṣì wà lọ́rùn olùrà.

Orúkọ tó wà lórí carte grise gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹni tó ń gba owó. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ìwé títà láti ọwọ́ ẹni àkọ́kọ́ dé ọwọ́ ẹni yìí pé, láìfo ẹnikẹ́ni, nítorí ANaTT, tó ń bójú tó ìrìnnà orí ilẹ̀, ni wọn yóò ti yí i sí orúkọ tuntun. Kí a sì bèèrè gbogbo kọ́kọ́rọ́ kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Yamaha R6 tó ní ẹ̀rọ ìdènà olè máa ń bá kọ́kọ́rọ́ pupa kan àti dúdú méjì wá. Dúdú ni wọ́n ń gùn ún lójoojúmọ́. Pupa yẹn ni wọ́n fi ń kọ́ alùpùpù láti mọ kọ́kọ́rọ́ tuntun. Bí ẹni tó ń tà bá ní pupa ti sọnù, tí dúdú sì ku ẹyọ kan, kí a tún ṣí ìwé ìṣirò náà, kí a kọ iye tí wọ́n ń gbà láti tún gbogbo rẹ̀ ṣe síbẹ̀.