Ẹ́ńjìnì ti di tuntun, kíìkì sì fúyẹ́: ibo ni atẹ́gùn ń gbà jáde?

Bàbá kan ti alùpùpù Honda CG125 wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Agége. Ẹ̀gbọ́n wọn tó ti dolóògbé ló ni ín, wọ́n sì ti náwó lé e: písítìnì tuntun, ríìngì tuntun, blọ́ọ̀kù tí wọ́n gbé lọ ríbọ́ọ̀ (kí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ kó lè gba písítìnì tuntun), fáàfù tí wọ́n gé ìjókòó rẹ̀ kó lè dán. Síbẹ̀, nígbà tí mo fi ẹsẹ̀ tẹ kíìkì, ó lọ sílẹ̀ wọ̀ọ̀, bí ẹni pé kò sí pílọ́ọ̀gì lórí ẹ́ńjìnì. Ẹni tó tún un ṣe ti ní kí wọ́n lọ ra blọ́ọ̀kù mìíràn.

“Ọmọ mi, ṣé kí n rà á?”

“Ẹ má tíì ra nǹkan kan, bàbá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí atẹ́gùn ń gbà jáde.”

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju ìyẹn lọ. Kọ̀mpúréṣọ̀n ni pé kí písítìnì gòkè nígbà tí fáàfù méjèèjì ti padé, kó fún atẹ́gùn àti epo há sínú àyè kékeré. Bó bá fúyẹ́, atẹ́gùn ti rí ọ̀nà gbà lọ. Ẹ wá ọ̀nà náà kí ẹ tó tú ẹ́ńjìnì, nítorí bí ẹ bá ti tú u, ẹ̀rí ti bàjẹ́.

Àyè tí mo wí yẹn kéré ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Nínú ẹ́ńjìnì 125cc tí ìwọ̀n ìfúnpọ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́sàn-án sí ọ̀kan (ìyẹn ni pé písítìnì ń fún gbogbo àyè náà di ìdá kan nínú mẹ́sàn-án), ohun tó ṣẹ́ kù lókè písítìnì jẹ́ nǹkan bíi mílílítà 15.5, ṣíbí tíì mẹ́ta péré. Ẹ fi í sọ́kàn, nítorí òun ló ń mú kí ìdánwò méjì tí gbogbo wa ń ṣe máa pa irọ́ fún wa.

Ti àkọ́kọ́ ni gééjì tí a ń ki sí ojú pílọ́ọ̀gì láti wọn kọ̀mpúréṣọ̀n. Ọ̀pọ̀ èyí tí a ń lò, ti mọ́tò ni. Rọ́bà rẹ̀ gùn, òmíràn sì wà tí fáàfù kékeré tó yẹ kó dá atẹ́gùn dúró wà lápá gééjì dípò kó wà lójú pílọ́ọ̀gì. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, gbogbo inú rọ́bà yẹn ti di ara ẹ́ńjìnì. Bó bá fi mílílítà márùn-ún kún àyè náà, mẹ́sàn-án sí ọ̀kan ti wálẹ̀ di bíi méje sí ọ̀kan, ẹ́ńjìnì tí ara rẹ̀ le á wá dà bí aláìsàn. Ẹ tún yí ọwọ́ tí ẹ fi ń fún un níná dé òpin nígbà tí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n. Bí kábúrétọ̀ bá pa dé, atẹ́gùn wo ni písítìnì fẹ́ fún pọ̀?

Ìkejì ni ọ́ìlì. A máa ń da díẹ̀ gba ojú pílọ́ọ̀gì, a ó tún wọ̀n ọ́n; bí nọ́ńbà bá gòkè, a ó ní ríìngì ni. Ìdánwò gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá da odindi ṣíbí kan sínú àyè ṣíbí mẹ́ta, gééjì rẹ̀ á gòkè dandan, ríìngì ì báà dára. Ẹ̀kán mélòó kan ti tó. Ẹ kíìkì ẹ́ńjìnì lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin kó lè tàn ká ara blọ́ọ̀kù, kí ẹ tó wọ̀n ọ́n.

Èmi gba ọ̀nà kẹta gbọ́ jù, ọ̀dọ̀ fọkanáísà ni mo sì ti ń ṣe é. Mo fọ́ tánganran inú pílọ́ọ̀gì àtijọ́ kan yọ, mo ní kí wẹ́dà jó ẹnu irin tí a fi ń fún táyà ní afẹ́fẹ́ mọ́ ọn. A gbé písítìnì dé òkè pátápátá níbi tó yẹ kí fáàfù méjèèjì ti padé, a ki alùpùpù sí jíà tó ga jù lọ, bàbá jókòó lé e, wọ́n tẹ bíríìkì ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ gbọin-in, nítorí atẹ́gùn yóò fẹ́ ti písítìnì padà sísàlẹ̀. Kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni má ṣe sún mọ́ kíìkì nígbà yẹn o! Fọkanáísà fún un ní afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀, kò ju PSI 40 lọ lójú gééjì rẹ̀, ó sì pa ẹ̀rọ rẹ̀ ká lè gbọ́ràn.

Mo gbé etí sí ẹnu kábúrétọ̀, kẹ́kẹ́ pa. Mo ṣí ihò tí a ti ń da ọ́ìlì, atẹ́gùn díẹ̀ ń yọ fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Mo fi omi ọṣẹ yí ibi tí tọ́ọ̀pù (orí ẹ́ńjìnì tí fáàfù wà nínú rẹ̀) ti pàdé blọ́ọ̀kù ká, kò hó. Nígbà tí mo dé ìdí sàlẹ́ńsà, ó ń dún ṣííí, ó ń fẹ́ mọ́ mi létí.

Fáàfù tó ń lé èéfín jáde ni, kì í ṣe blọ́ọ̀kù. Ká ní kábúrétọ̀ ló dún, fáàfù tó ń gba epo wọlé ni à bá mú. Bó bá jẹ́ ihò ọ́ìlì ló ń fẹ́ gan-an, ríìngì. Bí ọṣẹ bá hó, gásíkẹ́ẹ̀tì tàbí tọ́ọ̀pù tó ti wọ́.

Mo ṣí ìdérí tápẹ́ẹ̀tì, ibi tí a ti ń sẹ́ẹ̀tì àlàfo tó wà láàárín fáàfù àti apá irin tó ń tì í. Ti fáàfù èéfín kò mì rárá. Abẹ tó fẹ́lẹ́ jù lọ nínú fílà gééjì mi (àwọn abẹ irin tí a fi ń wọn àlàfo) kò ráyè wọlé. Ẹ wo bó ṣe ṣẹlẹ̀. Bí a bá gé ìjókòó fáàfù, orí fáàfù á rì wọ inú tọ́ọ̀pù díẹ̀, ìdí rẹ̀ á sì yọ sókè lápá kejì, á lọ kan apá irin tó ń tì í. Àlàfo tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti tán. Tí wọn kò bá sẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ìyẹn, fáàfù tó dán bíi dígí kò ní padé láé. Bí wọ́n bá sì ń gùn ún bẹ́ẹ̀, iná á jó etí rẹ̀, nítorí ìjókòó yẹn ni fáàfù fi ń tu ooru sílẹ̀. Ó dùn mí, torí ẹni tó gé e mọ iṣẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kẹ́yìn ni kò ṣe. Bí kẹrosíìnì bá wà nílé, ẹ da díẹ̀ sí ihò tọ́ọ̀pù kí ẹ tó dè é padà. Bó bá ń kán gba ẹ̀gbẹ́ fáàfù, ẹ tún un lọ̀.

Bí atẹ́gùn kò bá yọ níbì kankan tí kíìkì sì fúyẹ́, ẹ wo táímíìnì, ìyẹn bí ṣíṣí àti pípadé fáàfù ṣe bá ìrìn písítìnì mu. Àmì wà lára jíà kámù tó ń ṣí fáàfù àti ti kíráǹkì tó ń gbé písítìnì. Bí eyín kan bá fò, fáàfù lè pẹ́ kó tó padé, atẹ́gùn á ti padà síta kí písítìnì tó fún un. Tó bá sì jẹ́ ríìngì, ẹ ki òun nìkan sínú blọ́ọ̀kù, ẹ fi orí písítìnì tì í kó jókòó gún régé. Fún ihò mílímítà 56.5 ti CG125, àlàfo ẹnu rẹ̀ yẹ kó tó mílímítà 0.2 tàbí kó lé díẹ̀. Ojú tó ní lẹ́tà lára ló ń kọjú sókè.

Àwọn kan á ní, “Ẹ máa gùn ún, á mú.” Òótọ́ wà níbẹ̀ fún ríìngì tuntun, tó nílò kí òun àti blọ́ọ̀kù mọ ara wọn. Fáàfù tó ń fẹ́ kò ní mú láé.

Mo tú nọ́ọ̀tì, mo sẹ́ẹ̀tì méjèèjì sí mílímítà 0.08 nígbà tí ẹ́ńjìnì tútù, bí Honda ṣe fi lélẹ̀. Fọkanáísà tún fún un ní afẹ́fẹ́. Sàlẹ́ńsà dákẹ́. Ihò ọ́ìlì ṣì ń mí díẹ̀, ìyẹn á tán lọ́nà. Mo dá pílọ́ọ̀gì padà, mo ní kí bàbá fúnra wọn tẹ kíìkì. Wọ́n dìde lórí ìjókòó, wọ́n gbé ara lé e. Ó gbé wọn dúró.