Ta ló jókòó sórí RNA? Àlàyé lórí purotéènì hnRNP A1

Òfì tí ahunṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ hun tán kì í ṣe ìró. Ọ̀já gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Wọ́n á gé e, wọ́n á rán ègé mọ́ ègé, kó tó di ohun tí èèyàn lè wọ̀ lọ sóde. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ jíìnì rí nínú sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì á kọ́kọ́ da odindi jíìnì kọ sórí RNA, ìyẹn ẹ̀dà àṣẹ tó ń tẹ̀ lé láti ṣe purotéènì, tòun ti apá tí kò nílò. Exon ni apá tí yóò kù, intron ni èyí tí wọ́n ń gé dànù láàárín. Gígé àti síso pọ̀ yìí ló ń jẹ́ splicing. Richard Roberts àti Phillip Sharp ló ṣàwárí rẹ̀ ní 1977, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1993.

Ẹ̀rọ tó ń gé RNA kì í dá ìpinnu ṣe. Àwọn purotéènì kan máa ń lẹ̀ mọ́ RNA níbi tí wọ́n bá ti rí ọ̀wọ́ lẹ́tà tí wọ́n mọ̀ (lẹ́tà là ń pe àwọn èròjà kéékèèké tí wọ́n fi kọ jíìnì àti RNA). Àwọn kan á pe ẹ̀rọ náà wá sídìí exon kó má bàa sọnù. Àwọn mìíràn á jókòó síbẹ̀, ẹ̀rọ á sì fo exon náà kọjá. Ibi tí mo ti rí iṣẹ́ wọn tó yé mi jù ni àrùn SMA (spinal muscular atrophy).

SMA ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ọ̀pá ẹ̀yìn tó ń gbé àṣẹ lọ sí iṣan. Ọmọ ọwọ́ tí èyí tó le bá mú kò ní lè dá jókòó, bí kò bá sì rí ìtọ́jú, ọ̀pọ̀ wọn kì í pé ọmọ ọdún méjì. Jíìnì SMN1, tó ń ṣe purotéènì tí àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí nílò, ló sọnù tàbí tó bàjẹ́ lára wọn.

Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ní SMN2, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá SMN1 dọ́gba. Kí ló dé tí kò lè gbà wọ́n? Lẹ́tà kan péré ni. Níbi lẹ́tà kẹfà nínú exon 7, SMN1 ní C, SMN2 ní T. Ibí yìí ló yà mí lẹ́nu jù: lẹ́tà náà kò yí purotéènì padà rárá. Bí exon 7 bá kù sínú RNA, purotéènì kan náà ni SMN2 yóò ṣe. Ẹni tó lè jókòó síbẹ̀ ló yí padà. SRSF1, purotéènì tó yẹ kó pe ẹ̀rọ wá, kò rí ibi dì mú dáadáa mọ́. HnRNP A1, ọ̀kan lára àwọn tó ń mú kí ẹ̀rọ fo exon, sì rí ìjókòó tuntun. Ó tún máa ń lẹ̀ mọ́ ibì kan nínú intron 7 tó tẹ̀ lé e, tí wọ́n ń pè ní ISS-N1. Nítorí náà, nínú ọ̀pọ̀ jù lọ RNA tí SMN2 ń ṣe, exon 7 kò sí níbẹ̀, purotéènì tó ti ibẹ̀ jáde kì í sì í pẹ́ tó fi ń jẹrà.

Ẹnì kan lè ní kí wọ́n kúkú pa hnRNP A1 run. Kò ṣeé ṣe, nítorí àìmọye RNA mìíràn ló ń bójú tó, ara sì nílò rẹ̀. Ní 2006 ni ẹgbẹ́ olùwádìí Ravindra Singh ṣàpèjúwe ISS-N1, ibẹ̀ sì lọ̀nà là. Nusinersen, oògùn tí Adrian Krainer àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lára àwọn tó ṣe é, jẹ́ okùn kékeré onílẹ́tà 18 tó ń lẹ̀ mọ́ ISS-N1. Bí hnRNP A1 bá dé, èrò ti wà lórí àga. Ẹ̀rọ á wá rí exon 7, á sì so ó pọ̀ mọ́ ìyókù. Wọn ò fọwọ́ kan jíìnì, wọn ò sì pa purotéènì kankan lára.

Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn náà ní Oṣù Kejìlá 2016. Inú ọ̀pá ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́ rẹ̀, iye tí wọ́n sì kọ́kọ́ dá lé e fún ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ $750,000. Ó dùn mí gan-an, nítorí ìdílé tó lè san irú owó bẹ́ẹ̀ kò tó nǹkan.

Sẹ́ẹ̀lì tó bá ti kú kì í jí padà, ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú kíákíá. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019, ọmọ 25 gba oògùn náà kí àmì àrùn tó hàn lára wọn. Gbogbo wọn ló dá jókòó, 22 nínú wọn sì dá rìn.